Ọtí Oyin Ọjọ́ Ìbí, Ọtí Oyin Ọjọ́ Ìgbéyàwó: Ìtàn Ọtí Ìpamọ́ ní Póláǹdì àti Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún Olùkọ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn ọtí oyin, pàápàá irú èyí tí àwọn ìdílé kan ní ilẹ̀ Póláǹdì ń ṣe nílé nígbà tí wọ́n bá bímọ, tí wọ́n sì ń fi pamọ́ di ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ náà. A wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ohun tó jẹ́ kó lè pẹ́ nílẹ̀, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iṣẹ́ náà run, àti ohun tó gbà á sílẹ̀. A tún fi í wé ọtí ìrẹsì ìlú Shaoxing ní ilẹ̀ Ṣáínà, àti àwọn ọ̀nà tí àwa Yorùbá ń gbà fi ọjọ́ ńlá ìdílé pamọ́. Èrò wa ni pé ohun tí ìdílé fi pamọ́ kì í sọ ìtàn ara rẹ̀. Ẹnì kan ní láti sọ ọ́ tàbí kó kọ ọ́ sílẹ̀. Kíkọ́ ọmọ bí a ti ń ṣe èyí sì jẹ́ ara iṣẹ́ olùkọ́.

Ìfáárà

Kí a tó dé ilẹ̀ Póláǹdì, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nígbà tí a sọ àkọ́bí wa lórúkọ, oyin tó ṣẹ́kù lára èyí tí a fi wúre kún ìgò kan. Ìyá wa dé e, wọ́n gbé e pamọ́, wọ́n ní ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ náà ni a óò ṣí i. Ìgò náà lò ju ogún ọdún lọ́dọ̀ wa. A kó láti ìlú kan dé òmíràn nítorí iṣẹ́ ìjọba, a sì ń gbé e dání. Nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, a gbé ìgò náà jáde. Bí a ti fọwọ́ kan ìdérí rẹ̀ ló fò sókè, tí ìfófó sì bo orí tábìlì. Òórùn ọtí ni a gbọ́. Ìgbà tí a ṣèwádìí ni ọmọ kan nínú ilé jẹ́wọ́ pé láti bí oṣù mélòó kan ni òun ti ń bù ú lá, tí òun sì ń fi omi dí i kí ẹnikẹ́ni má baà fura.

Ìyá wa ti dolóògbé nígbà náà. Kò sí àkọlé kankan lára ìgò náà, àwa gan-an kò sì sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ yẹn rí. Oyin lásán ni lójú tirẹ̀. A kò rí ẹ̀bi púpọ̀ dá lé e lórí. Àwa la jẹ̀bi.

Ohun tí ìgò yẹn fi hàn wá ni pé oyin tí omi kò wọ̀ lè pẹ́ títí, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀nà àtidi ọtí ló mú. Èyí ló mú wa lọ wádìí nípa àwọn tó ń mọ̀ọ́mọ̀ sọ oyin di ọtí kí wọ́n lè fi ṣe ìrántí ọmọ. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣojú tó wà ní àpéjọ yìí ni ẹ̀sìn wọn kò fàyè gba ọtí. A kò wá láti polówó rẹ̀. Ìtàn ni a wá sọ.

Ọtí oyin láyé àtijọ́

Ọtí oyin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọtí tó lọ́jọ́ lórí jù lọ láyé. Ní ọdún 2004, Patrick McGovern àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí àwọn ìkòkò tí wọ́n hú jáde ní Jiahu, ní ẹkùn Henan ní Ṣáínà. Wọ́n rí àmì ohun mímu kan tí wọ́n fi ìrẹsì, oyin àti èso ṣe. Àwọn ìkòkò náà ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọdún. Ní Róòmù, Columella, ẹni tó kọ ìwé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀rúndún kìíní, sọ bí a ṣe lè po oyin mọ́ omi òjò tí a ti fi pamọ́ fún ọdún mélòó kan, kí a sì gbé e sínú oòrùn fún ogójì ọjọ́.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, àwọn ará Etiópíà ní ọtí oyin tí wọ́n ń pè ní tej. Omi, oyin àti ewé tàbí igi gesho tó ń mú un korò díẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tej kì í sábà pẹ́ nílẹ̀. Tuntun ni wọ́n ń mu ún, níbi àsè àti ní ilé ọtí. Èyí jẹ́ kó yé wa pé oyin nìkan kọ́ ló ń sọ ọtí di ohun ìpamọ́. Ìwọ̀n oyin, ọ̀nà tí a gbà ṣe é àti ìdí tí a fi ṣe é ló ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn ẹ̀yà Slav, tí àwọn ará Póláǹdì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀rí àtijọ́ kan wà tó yẹ kó dùn mọ́ àwọn olùkọ́ èdè Lárúbáwá tó wà láàrin wa. Ní ọ̀rúndún kẹwàá, Ibrahim ibn Yaqub, Júù kan láti ìlú Tortosa ní ilẹ̀ Spéìnì, rìnrìn àjò dé agbègbè wọn. Èdè Lárúbáwá ló fi kọ ìròyìn rẹ̀. Ó sọ níbẹ̀ pé oyin ni wọ́n fi ń ṣe ọtí wọn.

Oyin pọ̀ nínú igbó ilẹ̀ náà. Àwọn olùsìn oyin máa ń gbẹ́ ihò sínú igi tó dúró lóòyẹ̀, lókè réré, kí oyin lè wọ̀ ọ́ fi ṣe ilé. Olúkúlùkù a máa gbẹ́ àmì tirẹ̀ sára igi rẹ̀, kí ẹlòmíràn lè mọ̀ pé ó ní olówó. Bàbá lè fi igi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ. Ní ọdún 2020, àjọ UNESCO fi àṣà sísin oyin lórí igi yìí sínú àkọsílẹ̀ ogún àjogúnbá aráyé, ní orúkọ Póláǹdì àti Bẹ́lárùs.

Orúkọ tó ń sọ ìwọ̀n

Ohun tó wú wa lórí jù lọ nínú ìtàn yìí ni orúkọ tí àwọn ará Póláǹdì sọ ọtí oyin wọn. Ìwọ̀n wà nínú orúkọ náà. Czwórniak wá láti inú mẹ́rin: oyin kó ìdá kan, omi kó ìdá mẹ́ta, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Trójniak wá láti inú mẹ́ta: oyin ìdá kan, omi ìdá méjì. Dwójniak wá láti inú méjì: oyin ìdá kan, omi ìdá kan. Půpọ̀ nínú oyin ló wà nínú èyí tó ṣìkẹrin, półtorak, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ọ̀kan ààbọ̀: oyin ìdá kan, omi ààbọ̀ ìdá.

Nítorí náà, ẹni tó bá ti mọ orúkọ ti mọ bí a ṣe ń po ọtí náà. Kò dìgbà tó bá ka ìwé. Bí oyin bá ṣe pọ̀ sí i ni ọtí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó ṣeé mu. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ọwọ́ sí ní ọdún 2008 nípa àwọn ọtí yìí sọ pé czwórniak gbọ́dọ̀ lo oṣù 9 ó kéré tán, trójniak ọdún 1, dwójniak ọdún 2, półtorak ọdún 3. Ìyẹn ni èyí tó kéré jù. Ọ̀pọ̀ ìdílé ń jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Lítà oyin kan wọn tó kílò 1.4. Bí a bá fẹ́ po lítà 10 czwórniak, lítà 2 ààbọ̀ oyin la nílò, ìyẹn kílò 3 ààbọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ lítà 10 półtorak, oyin rẹ̀ yóò lé ní lítà 6 ààbọ̀, ó sì lé ní kílò 9. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dédé ṣe lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá ṣe é ti fi owó gidi lélẹ̀ fún ọjọ́ tí kò tíì rí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é àti ohun tó ń jẹ́ kó pẹ́

Wọ́n lè se oyin pọ̀ mọ́ omi, kí wọ́n sì máa ré ìfófó orí rẹ̀ kúrò títí yóò fi mọ́. Wọ́n sì lè pò ó láìsè. Àwọn kan ń fi kànáfùrù, atalẹ̀ tàbí omi èso sí i. Nígbà tó bá tutù, ìwúkàrà yóò wọ̀ ọ́. Láàrin ọdún 1857 sí 1860, Louis Pasteur ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé ohun abẹ̀mí ni ìwúkàrà, òun ló sì ń sọ ohun dídùn di ọtí. Ó ń jẹ ṣúgà inú oyin, ó ń sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mú un hó, òun náà ló fọn ìdérí ìgò tiwa sókè. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í fi èdídí dí ọtí tí kò tíì hó tán, kí ìgò má baà fọ́.

Oyin kì í jẹ́ kí ìwúkàrà rí ọ̀nà bó bá ki jù. Ṣúgà inú rẹ̀ a fa omi jáde lára ohun abẹ̀mí náà. Ìdí nìyí tí oyin àìlà fi ń pẹ́, òun náà ló sì mú kí półtorak ṣòro ṣe. Àwọn tó ń ṣe é lè mú apá kan lára oyin náà sílẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ìyókù hó dáadáa, kí wọ́n tó wá da èyí tó kù sí i. Bó bá hó tán, wọ́n ń dà á kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sínú ohun mìíràn, wọn yóò sì tún un dà bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá tún sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ àgbá onígi tàbí ìgò, níbi tó tutù tí ìmọ́lẹ̀ kò sì dé.

Półtorak àti dwójniak máa ń ní agbára ọtí tó ìdá 15 sí 18 nínú 100, ṣúgà tí ìwúkàrà kò lè jẹ tán sì tún kù nínú wọn. Méjèèjì yìí ni kì í jẹ́ kí ohun tó ń ba ọtí jẹ́ ríbi gbé níbẹ̀. Ọ̀tá tó kù ni afẹ́fẹ́ ìta, nítorí ó lè mú kí ọtí kan. Ọtí tuntun a máa ta lọ́fun, a sì máa le. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni yóò máa rọ̀, tí oyin, igi àgbá àti èso inú rẹ̀ yóò sì wọnú ara wọn.

Láti ọjọ́ ìbí dé ọjọ́ ìgbéyàwó

Ibi tí ìdílé ti wọ ọ̀rọ̀ náà rèé. Àwọn ará Póláǹdì máa ń sọ pé láyé àwọn baba wọn, ní ilé àwọn ọlọ́lá, bí a bá bímọ, bàbá ọmọ a po półtorak. Wọn a dí i pa, wọn a gbé e sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, ó di ọjọ́ tí ọmọ náà bá ń ṣe ìgbéyàwó kí wọ́n tó ṣí i. Bákan náà ni wọ́n ń sọ nípa starka, ọtí líle kan tí wọ́n ń fi ọkà rai ṣe, tó ń dàgbà nínú àgbá onígi. Ọtí àti ọmọ jọ ń dàgbà nínú ilé kan. Àwọn àgbà wa ní ogún ọdún kì í ṣe títí láé. Ní ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fojú rí ogún ọdún nínú ife.

Irú àṣà yìí wà ní Shaoxing, ní ẹkùn Zhejiang ní Ṣáínà. Níbẹ̀, ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe ọtí náà, wọ́n sì ń pè é ní nü'er hong. Bí wọ́n bá bí ọmọbìnrin, wọn a po ọtí, wọn a fi amọ̀ dí ẹnu ìkòkò rẹ̀, wọn a rì í mọ́lẹ̀, ó di ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ náà kí wọ́n tó wú u. Ìwé àtijọ́ kan lórí ewéko ilẹ̀ gúúsù Ṣáínà, tí wọ́n kà sí iṣẹ́ Ji Han ní ọ̀rúndún kẹrin, ti mẹ́nu ba ọtí ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀. Póláǹdì àti Shaoxing jìnnà síra wọn, oyin kì í sì í ṣe ìrẹsì. Síbẹ̀, èrò kan náà ló wà lọ́kàn òbí tó wà ní ibi méjèèjì.

Olùkọ́ ìtàn gbọ́dọ̀ ya ẹ̀rí sọ́tọ̀ síra. Ìwọ̀n oyin àti iye ọdún wà nínú òfin tí a kọ sílẹ̀. Àṣà ọtí ọjọ́ ìbí ní Póláǹdì wà lẹ́nu àwọn ìdílé àti àwọn tó ń ṣe ọtí náà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, a sì gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ó sì tún ku ìtàn tó dùn ún gbọ́ ṣùgbọ́n tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Irú rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń sọ nípa "oṣù oyin" tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìsinmi àwọn tọkọtaya tuntun, pé ó wá láti inú ọtí oyin tí wọ́n ń mu fún oṣù kan lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ohun tí àwọn tó kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ń sọ yàtọ̀: ìfẹ́ tuntun dùn bí oyin, ṣùgbọ́n ó ń dín kù bí òṣùpá. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa lè fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí.

Bí iṣẹ́ náà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́

Bí wọ́n ti ń gé igbó fún pákó àti oko ni ibùgbé oyin ń dín kù, tí oyin sì ń wọ́n. Ọtí líle tí wọ́n ń fi ọkà àti ọ̀dùnkún ṣe wọ́pọ̀, kò sì wọ́n. Ní ọdún 1801, Franz Achard dá ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ń fi bíìtì ṣe ṣúgà sílẹ̀ ní Silesia, ní abúlé kan tó wà nínú Póláǹdì òde òní. Láti ìgbà náà ni oyin kò ti jẹ́ ohun dídùn kan ṣoṣo tí mẹ̀kúnnù lè rí mọ́. Ilẹ̀ Póláǹdì pàápàá kò sí lórí máàpù. Rọ́ṣíà, Prọ́ṣíà àti Ọ́stríà pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní ọdún 1772, 1793 àti 1795. Ọdún 1918 ni orílẹ̀-èdè náà tó padà wà.

Síbẹ̀, orúkọ mẹ́rin yẹn kò kú. Àwọn ènìyàn ṣì ń sọ półtorak, wọ́n sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Nígbà tí ọdún 2008 dé, orúkọ yẹn ni wọ́n gbé lọ síwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀ ló sì di òfin. Ká ní wọ́n ti gbàgbé orúkọ ni, ìwọ̀n ìbá bá a lọ.

Níbo ni àwa Yorùbá ń fi tiwa pamọ́ sí?

Ẹnì kan lè ní kí ló kàn wá nínú èyí, níwọ̀n bí a kò ti ní ọtí tó ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹmu tí a dá láàárọ̀ a máa dùn. Kó tó di alẹ́ ó ti le. Bó bá di ọjọ́ kejì ó ti ń kan. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ibòmíràn ni àwa ń fi ọjọ́ ńlá pamọ́ sí.

Ohun àkọ́kọ́ tí a fi í sí ni orúkọ. Abíọ́dún ń sọ ìgbà tí a bí i, Abíọ́nà ń sọ ibi tí a bí i sí, Babátúndé ń sọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nílé. Oríkì ń sọ ti ìran. A ń rì ìwọ́ ọmọ sí ìdí igi, igi náà sì di tirẹ̀. A ń kó aṣọ òkè tí ìyá fi ṣe ìgbéyàwó sínú àpótí, kí ọmọbìnrin lè ró o lọ́jọ́ tirẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ, a ń mú oyin, iyọ̀ àti orógbó wá, àwọn ohun tí kì í tètè bàjẹ́, a sì ń fi wọ́n wúre fún ẹ̀mí gígùn àti ayé tó dùn.

Àléébù tó bá ìgò oyin wa náà ló ń bá àwọn wọ̀nyí. A ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ́ Abíọ́nà tí kò mọ ọ̀nà tí a bí i sí. A ti rí aṣọ òkè àlàárì nínú àpótí tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò lè sọ ẹni tó ni ín. Ní ibi tí a wà yìí, tó jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í rí ìyá àgbà ju ọdún dé ọdún lọ. Ohun tí à bá fi àṣálẹ́ mẹ́ta sọ ni a ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ lórí fóònù, bí a bá tilẹ̀ sọ ọ́. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka Haúsá àti Ígbò ń sọ irú rẹ̀ fún wa.

Àbá

A dá àbá wọ̀nyí fún àwọn tó ń kọ́ olùkọ́:

1. Kí akẹ́kọ̀ọ́ NCE kọ̀ọ̀kan mú ohun ìpamọ́ kan láti ilé, tàbí àwòrán rẹ̀, kó sì bi àgbà ilé ní ìbéèrè márùn-ún: Kí ni èyí? Ta ló fi pamọ́? Ìgbà wo ni? Nítorí kí ni? Ta ló tún mọ̀ nípa rẹ̀? Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ ní èdè tí àgbà náà fi sọ ọ́.

2. Kí olùkọ́ ìtàn àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì jọ ṣiṣẹ́. Ẹ bu oyin àìlà sínú ìgò kan, kí ẹ sì bu oyin tí a fi omi là sínú èkejì. Ẹ dé wọn díẹ̀ láìfún wọn pinpin, kí ọmọ máa wò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí pé ẹnikẹ́ni ń tọ́ ọ wò.

3. Kí olùkọ́ ìṣirò fi orúkọ mẹ́rin ti Póláǹdì kọ́ ọmọ nípa ìdá àti ìwọ̀n, kó sì ní kí wọ́n wá ìwọ̀n tó wà nínú oúnjẹ tí ìyá wọn ń sè láìwọ̀n.

4. Kí gbogbo ohun ìpamọ́ inú ilé ní àkọlé: orúkọ, ọjọ́, àti ìdí.

Ìkádìí

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n la fi ń ṣọgbọ́n. Nínú ìtàn ọtí oyin Póláǹdì, a rí i pé oyin púpọ̀ àti èdídí tó le ló ń jẹ́ kí ọtí pẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ orúkọ rẹ̀ láti ìran dé ìran ló jẹ́ kí ìmọ̀ rẹ̀ pẹ́. Ìgò lásán ni ìgò tí kò sí ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀.

Ní ilé wa, a bu oyin tuntun sínú ìgò mìíràn nígbà tí ọmọ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ náà bímọ. A kọ orúkọ ọmọ náà, ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ àti orúkọ ìyá wa sára rẹ̀. Ẹni tó bu omi sí ti àkọ́kọ́ ló kọ àkọlé náà. A sì ti sọ ìtàn ìgò méjèèjì fún gbogbo ọmọ tó wà nílé.